Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀gbọ́n onílù wa: bí EB-1A ṣe kọ́kọ́ forí ṣánpọ́n kó tó bọ́ sí i

Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, torí onílù, akọrin àti oníjó tó ti pè mí lórí fóònù pé báwo la ṣe rí ìwé EB-1A ti Amẹ́ríkà gbà ti pọ̀, mi ò sì lè máa tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀ fún olúkúlùkù. Ẹ̀gbọ́n mi ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Onídùndún ni wọ́n, ilé Àyàn ni wọ́n bí wọn sí, ìyáàlù ni wọ́n ń lù láti kékeré, apá Ọ̀ṣun nilé wọn. Mi ò ní dárúkọ wọn síbí, mi ò sì ní dárúkọ lọ́yà kankan. Èmi fúnra mi kì í ṣe lọ́yà o, olùkọ́ èdè ni mí, Maryland ni mò ń gbé. Iṣẹ́ tí mo ṣe nínú ẹ̀ ò ju pé mo túmọ̀ ìwé Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì, mo sì bá wọn ṣa ìwé jọ, ó sì gbà wá tó ọdún mẹ́ta kó tó parí.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, EB-1A ni ọ̀nà green card, ìyẹn ìwé àṣẹ láti máa gbé Amẹ́ríkà títí, tí ìjọba ibẹ̀ yà sọ́tọ̀ fún ẹni tí ẹ̀bùn ẹ̀ bá jẹ́ àrà ọ̀tọ̀, yálà nínú sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ ọnà, ẹ̀kọ́, òwò tàbí eré ìdárayá. Ohun tó dáa nínú ẹ̀ ni pé èèyàn lè fi orúkọ ara ẹ̀ béèrè, kò dìgbà tí ọ̀gá ibiṣẹ́ kan bá dúró fún un, ó sì lè jókòó sílé ẹ̀ ní Ọ̀ṣogbo kó fọwọ́ sí I-140, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè ẹ̀. Ohun tó le ni pé òfin ní kó wà lára àwọn díẹ̀ tó dé òkè téńté nínú iṣẹ́ náà, kí òkìkí ẹ̀ sì ti dúró fúngbà pípẹ́ nílùú ẹ̀ tàbí láyé lápapọ̀. Tó bá ti gba ẹ̀bùn ńlá kan ṣoṣo tí gbogbo ayé mọ̀, irú Nobel, ìyẹn nìkan ti tó. Tí ò bá gbà á, ẹ̀rí oríṣi mẹ́wàá ni wọ́n kọ sínú òfin, ó gbọ́dọ̀ mú mẹ́ta wá ó kéré tán.

Kí àwọn kan má sọ pé ìlù ìbílẹ̀ kò lè débẹ̀, Sikiru Adepoju ọmọ Èrúwà wà lára àwọn tó gba Grammy ní 2009 pẹ̀lú àwọn onílù Mickey Hart àti Zakir Hussain, ìlù tó ń sọ̀rọ̀ yìí náà ló sì gbé lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n tèmi ò ní Grammy. Físà P-3 ni wọ́n fi ń wá tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n ń fún òṣèré tó mú àṣà ìbílẹ̀ wá, kì í ju ọdún kan lọ lẹ́ẹ̀kan, tí eré bá ti tán ẹ ti ń padà sílé nìyẹn. Wọ́n ti wá lẹ́ẹ̀mẹta bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ dá a lábàá pé kí wọ́n gba O-1B tó rọrùn díẹ̀ fún òṣèré, ṣùgbọ́n ìyẹn ń fẹ́ ẹni tó máa dúró fúnni ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́ta ló sì máa ń jẹ́ kí wọ́n tó tún un ṣe, ẹ̀gbọ́n sì fẹ́ kó ìyàwó àtàwọn ọmọ dání, wọ́n fẹ́ gbé ibì kan kí ọkàn wọn balẹ̀.

Ní 2022 la kọ́kọ́ gbé e wọlé. Nígbà yẹn owó I-140 jẹ́ dọ́là 700, a sì san 2,500 sí i kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ìwé náà wò lè dáhùn láàárín ọjọ́ 15. Ẹbí ló dá owó náà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ta ọjà ṣọ́ọ̀bù ní ẹ̀dínwó láti fi kún un. Lọ́yà tá a gbà sọ pé ìwé bá pọ̀ ó máa dáa, torí náà ìwé tó lé ní 400 ojú ewé la fi ránṣẹ́, nínú ẹ̀rí mẹ́wàá ó ní ẹ̀gbọ́n ní mẹ́jọ. Fọ́tò tí wọ́n yà pẹ̀lú ọba wà níbẹ̀, fọ́tò pẹ̀lú gómìnà, àwo ìdúpẹ́ láti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ẹgbẹ́ ìdí ọjà, lẹ́tà 38 tó ń sọ pé èèyàn dáadáa ni wọ́n. Lọ́jọ́ kẹtàlá ìwé jáde pé ẹ̀rí ò tó, kí a mú òmíràn wá, àyè ọ̀sẹ̀ méjìlá ni wọ́n fún wa. A tún kó fọ́tò sí i. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 2023 wọ́n kọ̀ ọ́.

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní purọ́. Ẹ̀gbọ́n pè mí lálẹ́, ohun tí wọ́n sọ ò jẹ́ kí n lè sùn: "Àbúrò mi, gbogbo ìlú ló mọ̀ mí. Ta ni wọ́n ń bi?"

Ìbéèrè tí mo gbé lé àyà nìyẹn. Mo tẹ ìwé tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ jáde, mo jókòó tì í pẹ̀lú bírò pupa, mo kà á tó ìgbà mẹ́rin, ìgbà tí mo kà á kẹrin ló yé mi pé kò síbi tí ọ́fíìsà yẹn ti sọ pé ẹ̀gbọ́n ò mọ ìlù í lù. Ohun tó ń sọ ni pé nínú gbogbo ìwé yìí, níbo ni ẹlòmíràn tí kì í ṣe ẹbí, tí kì í ṣe ọ̀rẹ́, ti kọ ọ́ sílẹ̀? Lọ́dọ̀ tiwa ẹnu la fi ń yinni, ìlù la sì fi ń dáni lọ́lá. Ibi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé yìí wò, ohun tó wà lórí pépà nìkan ló wà.

Ẹ jẹ́ kí n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ibi tọ́rọ̀ wà nìyí.

Oyè la kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀bùn ìdánilọ́lá. Kábíyèsí ló fi ẹ̀gbọ́n jẹ olórí àwọn onílù ààfin, ayẹyẹ ńlá ni wọ́n ṣe, fídíò wà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí ààfin fúnra ẹ̀ kọ sọ pé ilé wọn ló ni oyè náà látọ̀dọ̀ bàbá bàbá wọn. Ọ̀rọ̀ ìyìn gidi nìyẹn jẹ́ lójú wa, àwa tá a mọ ohun tí ìdílé túmọ̀ sí. Lójú òfin, ẹ̀bùn gbọ́dọ̀ jẹ́ nítorí pé o ta àwọn ẹgbẹ́ ẹ yọ nínú iṣẹ́ náà, ohun tí wọ́n bí ọ sí ò wọ ibẹ̀. Ẹgbẹ́ onílù tá a fi ṣe ẹ̀rí jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ pàtàkì náà, ẹni tó bá ti ń lùlù tó sì san owó ẹgbẹ́ ló ń wọ̀ ọ́, wọn ò sì bi ẹnikẹ́ni bóyá ó mọ̀ ọ́n lù dáadáa.

Owó wá ńkọ́? Onílù ilẹ̀ wa kì í jẹun lórí owó oṣù. Òde ìnáwó ni wọ́n ti ń jẹun. Ẹ̀gbọ́n á fi ìlù ki ẹni tó ń wọlé bọ̀, wọ́n á kì í títí dórí bàbá tó bí bàbá ẹ̀, ẹni yẹn ò ní mọ ìgbà tó máa dìde, á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ owó mọ́ wọn níwájú orí, ọmọ kékeré kan á máa ṣa á nílẹ̀ sínú àpò. Mo ti wà níbi ìsìnkú tí owó tí wọ́n ṣa lálẹ́ ọjọ́ kan ju owó oṣù mi lọ nígbà náà. Ta ló kọ ọ́ sílẹ̀? Kò sí rìsíìtì, kò gba báńkì kọjá, kò síbi tí wọ́n ti san owó orí lé e. Lọ́yà kọ ọ́ pé owó tó ń wọlé fún wọn ga ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ, fídíò ìnáwó àti ìwé ìbúra tí ẹ̀gbọ́n lọ ṣe ní kóòtù ló fi tì í lẹ́yìn. Ọ́fíìsà ní òun ò rí ohun tí òun lè fi wé ti onílù mìíràn, òótọ́ sì ni, kò sí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti orí ìtàgé. A kọ ọ́ pé eré tí wọ́n ṣe káàkiri jẹ́ ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà. Wọ́n ní ẹ̀rí yẹn wà fún ayàwòrán àti agbẹ́gilére tó gbé iṣẹ́ kalẹ̀ káwọn èèyàn wá wò ó. Ti òṣèré orí ìtàgé ni èyí tó dá lórí títà, ìyẹn owó tíkẹ́ẹ̀tì àti iye rẹ́kọ́ọ̀dù tàbí fídíò tó tà. Ẹ̀yin oníjó àti onítíátà, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ yín ló ń kọ́kọ́ sáré síbẹ̀. Ní ti ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn gbajúmọ̀ olórin jùjú kan ni wọ́n wà fún ọdún mọ́kànlá, orúkọ ọ̀gá ló wà lórí rẹ́kọ́ọ̀dù, ọ̀gá ló ni títà. Onílù wà níbẹ̀ ṣáá ni.

Lọ́yà kejì tá a bá pàdé, obìnrin ni, kò bá wa sọ̀rọ̀ fọ́tò rárá. Ó ní a ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àmọ́ òun ò rí ohun tá a máa fi jà nínú fáìlì yẹn, kí a fi sílẹ̀, òfin ò sọ pé ẹni tí wọ́n kọ̀ lẹ́ẹ̀kan ò gbọdọ̀ tún béèrè. Ó ṣàlàyé pé láti ìgbà tí Ninth Circuit, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà, ti dá ẹjọ́ EB-1A kan tí wọ́n ń pè ní Kazarian ní 2010, ìpele méjì ni wọ́n máa ń gbà yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á kọ́kọ́ kà á bóyá ó pé mẹ́ta, lẹ́yìn náà wọ́n á kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ wọ́n á wọ̀n ọ́n bóyá lóòótọ́ lèèyàn yìí wà lókè. Ẹ̀rí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó o bá kó wá máa ń jẹ́ kí èyí tó lágbára náà fúyẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n. Ó fa igi lé mẹ́rin nínú mẹ́jọ. Mẹ́rin tó kù ni: ohun tí wọ́n kọ nípa wọn nínú ìwé ìròyìn, ṣíṣe adájọ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn, ohun tuntun tí wọ́n mú wọnú iṣẹ́ náà, àti ipò pàtàkì nínú ẹgbẹ́ tó lórúkọ.

Ìwé ìròyìn ló gba àkókò jù. Ègé ìwé ìròyìn mẹ́ta la ní nínú fáìlì àkọ́kọ́. Méjì nínú ẹ̀ dá lórí òkú tí wọ́n sin, orúkọ ẹ̀gbọ́n yọ lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ̀kẹta ló dá lórí àwọn àti ìlù wọn látòkè délẹ̀, ìyàwó wọn ló fi sísọ́ọ̀sì gé e, tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ọmọ iléèwé, orí ibi tí déètì wà ló gé dànù, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ náà bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ òfin fẹ́ àkọlé, déètì àti orúkọ òǹkọ̀wé. Mo ní kí wọ́n rọra fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ tú gọ́ọ̀mù yẹn, kí wọ́n ya ẹ̀yìn ẹ̀ fún mi. Ìkéde òkú ló wà lẹ́yìn, ojú ìyá àgbà kan tó wé gèlè, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ni ìsìnkú. Kò sí ọdún níbẹ̀. Mo ṣí kàlẹ́ńdà, mo ń ka ọdún sẹ́yìn, 2008 ló bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì tó sì bá àkókò tí ìyàwó wọn rántí mu. Àbúrò wa kan tó wà n'Íbàdàn lọ sí láìbrì yunifásítì, ọjọ́ kejì ló rí odidi ìwé ìròyìn náà, ó ya gbogbo ojú ìwé pẹ̀lú orúkọ òǹkọ̀wé. Ìyá yẹn tí a ò mọ̀ rí ló gbà wá là, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Títúmọ̀ ẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Òfin ni pé ìtumọ̀ gbọ́dọ̀ pé, kí atúmọ̀ fọwọ́ sí i pé òun gbọ́ èdè méjèèjì àti pé ohun tó kọ tọ̀nà, tó sì péye. Oníròyìn yẹn kọ ọ́ pé ìlù ẹ̀gbọ́n ń pòwe. Mo túmọ̀ ẹ̀ bẹ́ẹ̀, lọ́yà kà á, ó rò pé oníròyìn fi ń ṣe àpọ́nlé ni. Ibẹ̀ lojú mi ti là. Bí lọ́yà wa ò bá mọ̀ pé òwe gidi, ọ̀rọ̀ gidi, ni ìyáàlù ń sọ, pé ohùn mẹ́ta tó wà nínú èdè wa ni awọ ń gbé jáde bí onílù bá ṣe ń fún ọṣán mọ́ra tó ń tú u sílẹ̀, báwo ni ọ́fíìsà ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ọdún kan gbáko la ti ń sọ fún wọn pé onílù ńlá ni wọ́n, wọ́n á rò pé ẹni tó ń lu ìlù kí orin lè dùn ni. Mi ò lè ki àlàyé tèmi bọ inú ìtumọ̀, nítorí náà a tọrọ lẹ́tà lọ́wọ́ purofẹ́sọ̀ orin kan tí kò bá ẹ̀gbọ́n pàdé rí, ó ṣàlàyé bí ìyáàlù ṣe ń darí kẹríkẹrì, ìṣáájú àti gúdúgúdú, àti ìdí tí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ láìṣì í sọ fi ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn onílù fúnra wọn.

Lẹ́tà yẹn ló ṣí ọ̀nà fún ti ẹgbẹ́ jùjú. Mánéjà ẹgbẹ́ náà tó ti dàgbà kọ ojú ìwé mẹ́ta. Ó ní tí ọ̀gá bá ń kọrin, ìyáàlù ló ń sọ orúkọ ẹni tó kàn fún un, ìlù yẹn ló ń sọ fún àwọn onígìtá pé ká yí padà, ó dárúkọ ìlú tí wọ́n lọ àti ọdún tí wọ́n lọ, ó ní ìgbà tí ara ẹ̀gbọ́n ò yá wọ́n sún eré síwájú. Òfin ò ní dandan kó o jẹ́ olórí ẹgbẹ́, tí ipò tó o wà bá jẹ́ èyí tí ẹgbẹ́ ò lè ṣe é láìsí, ó ti wọlé. A wá fi ìwé ìròyìn tó sọ bí ẹgbẹ́ náà ṣe lórúkọ tó tì í.

Ti adájọ́, ẹ̀gbọ́n ti ṣe adájọ́ ìdíje ìlù fáwọn iléèwé lọ́dún mẹ́ta tẹ̀léra, lẹ́tà ìpè nìkan la sì fi ránṣẹ́ lákọ̀ọ́kọ́. Wọ́n ní ìpè ò fi hàn pé wọ́n dé ibẹ̀. Akọ̀wé ọ́fíìsì àṣà kan, kí Ọlọ́run bù kún un, ló lọ wá inú àpótí títí ó fi rí ìwé máàkì gangan, máàkì tí ẹ̀gbọ́n fún iléèwé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn, bírò búlúù, ìfọwọ́sí nísàlẹ̀.

Ohun tuntun tí wọ́n mú wá ni ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá ní ìyáàlù, wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kó fi dò, re, mí kọ orin gbólóhùn náà lẹ́nu kó tó mú ọ̀pá. Lẹ́tà 38 àkọ́kọ́ yẹn, ìpínrọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà, ó hàn pé ọwọ́ kan ló kọ wọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí méje péré ni, mẹ́rin nínú wọn ò mọ ẹ̀gbọ́n rí àfi nípa iṣẹ́ wọn, olùkọ́ kan ní Amẹ́ríkà àti òmíràn ní Jámánì sì fi ìwé ẹ̀kọ́ kíláàsì wọn hàn níbi tí wọ́n ti kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n sí ọ̀nà ìkọ́ni náà.

Láàárín gbogbo èyí, ẹnì kan pè wá pé òun máa bá wa gba àwọọ̀dù kan, òun á sì gbé ìròyìn sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oríṣi mẹ́ta, ká ṣáà mú owó wá. Ẹ̀gbọ́n ní wọn ò ní fi orúkọ Àyàn ra nǹkan. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Àwọn tó ń yẹ ìwé wọ̀nyí wò mọ ìròyìn tí wọ́n sanwó fún, bó bá sì já, òótọ́ tó wà nínú fáìlì yín náà á di ohun tí wọn ò ní gbà gbọ́.

Orúkọ tún fẹ́ dá wa dúró. Pásípọ́ọ̀tù ní orúkọ mùsùlùmí àti ti bàbá, ìwé ìròyìn ní orúkọ Àyàn, ìwé ètò eré kan ní orúkọ ìnagijẹ. A ṣe ìwé ìbúra tó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, a sì fi fọ́tò ojú ìwé rẹ́kọ́ọ̀dù tì í. A fi ìwé àdéhùn iṣẹ́ méjì kún un àti àlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ wá ṣe ní Amẹ́ríkà, torí òfin fẹ́ mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn náà lo fẹ́ máa ṣe lọ, àti pé yóò ṣe ìlú náà láǹfààní.

Oṣù Karùn-ún 2024 la gbé e wọlé. Owó ti yí padà, dọ́là 715, 300 lórí ẹ̀ fún ẹni tó ń béèrè fúnra ẹ̀, àti 2,805 fún èsì kíákíá, ọjọ́ 15 yẹn náà ti di ọjọ́ iṣẹ́. Gbogbo ìwé ò pé 190 ojú ewé. Lọ́jọ́ iṣẹ́ kọkànlá íméèlì lọ́yà wọlé, wọ́n ti fọwọ́ sí i, wọn ò tiẹ̀ bi wá ní ìbéèrè kankan. Mo pe ẹ̀gbọ́n, òru ni lọ́dọ̀ wọn, wọn ò sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀, mo kàn ń gbọ́ ṣaworo tó ń dún, ẹnì kan ti gbé ìlù kúrò lára ògiri. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 ò pẹ́, wọ́n gba físà pẹ̀lú ìyàwó àtàwọn ọmọ.

Wọ́n ti wà níbí báyìí. Lóṣù tó kọjá wọ́n lùlù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nítòsí wa, èmi ni mo fi mọ́tò gbé wọn lọ. Nígbà tí eré parí, àwọn èèyàn ń ya fọ́tò, ẹ̀gbọ́n ò tíì fi ìlù sínú àpò tí wọ́n fi lọ bá ọmọbìnrin tó ń pín ìwé ètò. Wọ́n gba ẹyọ méjì. Wọ́n wo orúkọ wọn, wọ́n wo déètì, wọ́n ní kó bá àwọn wá ẹni tó kọ ọ́ kó fọwọ́ sí i.